Èérún Tàbí Hóró? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìperí Kan Nínú Ẹ̀kọ́ Físíìsì

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí ìperí wa má ṣi ọmọ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo epo pupa ní Ùsì-Èkìtì. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, epo a dì. Bí oòrùn bá mú, a yọ́. Bí a bá pe àwọn ohun bíńtín tí epo fi para pọ̀ ní èérún, ọmọ yóò rò pé èérún pàápàá ń yọ́. Ṣebí èérún àkàrà, àkàrà náà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìrìn wọn àti ìtòpọ̀ wọn nìkan ni ó yí padà: nínú ohun dídì, wọ́n ń gbọ̀n lójú kan, nínú ohun olómi, wọ́n ń yọ̀ kọjá lára ara wọn.

Nítorí náà ni a ṣe dábàá hóró. Hóró àgbàdo ṣeé tò jọ, ó ṣeé tú ká, kò sì yọ́. Àléébù kan wà: ojú ń rí hóró àgbàdo. Kí olùkọ́ tètè sọ pé hóró ti físíìsì kò ṣeé fojú rí.