Àmì kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì: bí wọ́n ṣe ń fi ètò kọ̀ǹpútà mú un, àti bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń fi í bojú

Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí àgbẹ̀ fa fóònù yọ láti wo ojú òpó báǹkì tàbí ti iléeṣẹ́ ìjọba. Àwòrán kékeré kan wà tó máa ń bá orúkọ ojú òpó bẹ́ẹ̀ rìn, kò sì tó èékánná ọwọ́. Àwòrán yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé, fi ń dá ojú òpó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó rọrùn láti jí tó o.

Favicon ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ Microsoft ló gbé e jáde pẹ̀lú Internet Explorer 5 ní oṣù kẹta ọdún 1999. Ẹ̀kán àwọ̀ tíntìntín 16 ló wà ní gígùn rẹ̀, 16 ní fífẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti àmì tí àgbẹ̀ fi ọ̀dà kọ sára àpò kòkó rẹ̀ kí ẹrù rẹ̀ má baà dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Ìyànà Ọ̀fà fẹ́ ṣe ojúewé kan fún àwọn àgbẹ̀ Lágelú àti Ẹ̀gbẹ́dá, tí yóò to àwọn ojú òpó tó wúlò fún wọn síbẹ̀: ti IITA, tó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, ti NiMet tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, àti ti Báńkì Àpapọ̀. Ó fẹ́ kí àmì oníkálukú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò ní láti máa fi ọwọ́ mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python, tó jáde ní 1991, ní àwọn láíbìrì, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ti ṣe parí sílẹ̀. Ẹni tó ń lo láíbìrì dà bí ìyá onígàrí tó gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onímáṣíìnì dípò kó jókòó máa fi ọwọ́ rin ín.

Wọ́n yóò fún ètò náà ní àdírẹ́sì, bíi www.iita.org. Láíbìrì Requests, tó ti wà láti 2011, yóò lọ gbé ojúewé àkọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà ni Beautiful Soup, tó jáde ní 2004, yóò tú u palẹ̀, tí yóò wo apá òkè rẹ̀ tí ojú òǹkàwé kì í rí, bóyá ìlà kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “link” tó sì ní “icon” nínú. Ìlà yìí ló ń tọ́ka ibi tí àwòrán wà. Ó lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọ̀kan fún ìwọ̀n 16, ọ̀kan fún 32, ọ̀kan tó tó 180 fún iPhone. Èyí tó tóbi jù ló yẹ kí wọ́n mú, nítorí àwòrán ńlá ṣeé sọ di kékeré, ṣùgbọ́n kékeré tí wọ́n bá fẹ̀ yóò ṣú. Bí kò bá sí ìlà kankan, ibi àtijọ́ tí Microsoft yàn ló kù: ètò náà yóò fi /favicon.ico kún ẹ̀yìn àdírẹ́sì.

Àwọn ibi tí olùkọ́ṣẹ́ ti ń ṣubú pọ̀. Ibi tí ìlà náà tọ́ka sí lè jẹ́ ààbọ̀ àdírẹ́sì, bí ẹni tó ní ilé òun wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí láì dárúkọ abúlé; wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́ orúkọ ojú òpó náà. Àwọn mìíràn kò ní àmì rárá, síbẹ̀ ojúewé ọ̀rọ̀ lásán ni wọn yóò fi ránṣẹ́ bí ẹni pé àwòrán ni. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, ó tún yẹ kí wọ́n dá iye ìṣẹ́jú àáyá tí ètò yóò fi dúró, nítorí Requests kì í dá a fúnra rẹ̀. Bí ẹnìkejì kò bá dáhùn, dídúró ni yóò máa dúró. Àmì tí wọ́n bá sì ti mú, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí dátà má baà máa jó lórí ohun kan náà lójoojúmọ́.

Google náà lè báni mú àmì wá, ó kàn jẹ́ pé yóò mọ ojú òpó tí wọ́n béèrè ni.

Ṣùgbọ́n ètò tó ń bá ọmọlúàbí ṣiṣẹ́ ń bá olè náà ṣiṣẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbájúẹ̀ lè mú àmì báǹkì, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òpó èké tí yóò ti máa gba nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ àwọn tó ń wá owó yá. Ní 2009, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Moxie Marlinspike fi han gbogbo ayé pé ènìyàn lè fi àwòrán àgádágodo ṣe favicon, kí ó dà bí ẹni pé ààbò wà níbẹ̀. Nítorí irú ẹ̀tàn yìí ni Firefox ṣe mú àmì náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ní 2012. Àdírẹ́sì gan-an ni ojú yẹ kó wà. Orúkọ tó parí sí .gov.ng kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè lọ rà. Ìjọba nìkan ló wà fún, àjọ NITDA ló sì ń bójú tó o.

Àwọn tó ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà ti rí ọgbọ́n fi ṣe é. Wọn yóò fi ìṣirò sọ àmì báǹkì di nọ́ńbà kan, wọn yóò wá lọ sórí Shodan láti wá gbogbo ibi tí nọ́ńbà yẹn ti jáde. Èyí tí kì í ṣe ti báǹkì náà níbẹ̀ ni wọn yóò fura sí. Àmọ́ bí olè náà bá yí ẹ̀kán àwọ̀ kan ṣoṣo padà nínú 256, nọ́ńbà yóò yàtọ̀ pátápátá, ìwádìí náà kò sì ní rí i mú.