Ẹ Wo Àtẹ̀gùn Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó Ilé Ní Festac

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo mú màmá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Festac. Fúláàtì náà fẹ̀, ọjà kò jìnnà, pápá táwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù sì wà nítòsí. Àjà kẹta la wà. Ajẹ́ǹtì ní a máa gbádùn ẹ̀, àmọ́ orúnkún màmá kò gbádùn ẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ni ọjọ́ tá a gbé wọn lọ sọ́sibítù. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ o!

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń wálé ní Mile 2 àti Amuwo-Odofin, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbébẹ̀. Torí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 nìjọba ṣe kọ́ Festac, wọ́n sì la títì rẹ̀ dáadáa. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni rélùwéè sì ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé alájà ibẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi gùn ún.

Ẹni tí oríkèé ń dùn, tàbí tó ń pọnmọ, ìsàlẹ̀ ló dáa fún. Àmọ́ ìsàlẹ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀, torí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ wolé náà lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri, bóyá ilà omi wà lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ béèrè ìdí. Bí yàrá bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ọmọ tó ní asíímà kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Omi tó dúró sínú gọ́tà, ilé ẹ̀fọn ni. Ẹ wo ibi tí bọ́họ́ọ̀lù wà sí sókàwéè pẹ̀lú. Ó yẹ kó tó mítà 30. Pápá tí ajẹ́ǹtì fi ń polówó ńkọ́? Ẹ fojú ara yín rí i, ó lè ti di ṣọ́ọ̀bù.

Ní ti owó, òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2011 ní lánlọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó fẹ́ rà á pátápátá, kó kọ́kọ́ lọ wádìí orúkọ tó wà nínú ìwé lọ́dọ̀ Federal Housing Authority, torí ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ Festac.

Nígbà tówó wa pé, a kó lọ sí ìsàlẹ̀ ilé mìíràn. Kò tóbi tó tàkọ́kọ́. Màmá máa ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa ná bọ̀ọ̀lì.