Ilé Tí A Ń Tọ́jú Ìwé Àtijọ́ Sí

Ní ìlú Ìkòròdú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àdúgbò kan wà tí a ń pè ní Agric. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ yóò mọ̀ pé orúkọ náà jẹ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi yín pé, "Ọdún wo ni a kọ́kọ́ pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ta ni ó ni ilẹ̀ náà nígbà náà?" orúkọ nìkan kò lè dáhùn. A ó lọ bi àwọn àgbà. Ohun tí àwọn àgbà bá ti gbàgbé ńkọ́? Ìwé tí a kọ nígbà náà ni ó lè sọ ọ́ fún wa, bí ó bá ṣì wà.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní àkọsílẹ̀. Lẹ́tà, ìwé àdéhùn, ìwé ìbí, ìwé ìdájọ́ kóòtù, àwòrán ààlà ilẹ̀, fọ́tò àti ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé sí, àkọsílẹ̀ ni gbogbo wọn. Ilé tí a ń kó wọn pa mọ́ sí, kí wọ́n má baà bàjẹ́, ni ilé ìtọ́jú àkọsílẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ilé ìkàwé. Bí ìwé kan bá sọnù ní ilé ìkàwé, a lè ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ni kò ní èkejì ní gbogbo ayé. Bí iná bá jó o, ó tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà Ìtóìkín láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà sí ipò ọba. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wá ọ̀nà láti gba Èkó padà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ ṣèlérí pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́, àti pé òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé òun ni ó ni èbúté Palma, wọ́n sì gbà láti máa fún un ní owó lọ́dọọdún.

Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Kò sí ẹni tí ó wà láyé nígbà náà tí ó ṣì wà láyé lónìí. A mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ohun tí wọ́n kọ. Àwọn lẹ́tà tí Campbell fi ránṣẹ́ sí ìjọba rẹ̀ wà ní ilé ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ní Kew, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, títí di òní.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ni ó jẹ́ òtítọ́ pátápátá. Ẹni tí ó kọ ìwé ni ó ń sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi àmì sí ìwé kan tí ó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láìpẹ́, ọba náà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ̀wé láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tí ó bá ka ìwé àkọ́kọ́ nìkan kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni." Nítorí náà ni a ṣe ń tọ́jú ìwé tọ̀túntòsì, tí a sì tún ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà.

Àwọn ọ̀tá ìwé pọ̀. Ikán, aáyán àti eku ń jẹ ẹ́. Oòrùn ń mú kí yíǹkì rẹ̀ ṣá. Ní ìlú etí ọ̀sà bí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ìwé a máa bu, irin tí a fi so ó pọ̀ a sì máa dógùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó burú jù ni ẹni tí ó bá sọ pé, "Ìwé gbígbó ni, ẹ dáná sun ún."

Ọkùnrin kan wà tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Kenneth Onwuka Dike, olùkọ́ ìtàn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ní ọdún 1951, ìjọba ní kí ó yẹ àwọn ìwé ìjọba wò káàkiri Nàìjíríà. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ni ó ti ń bàjẹ́ nínú yàrá tí a dà wọ́n sí. Ó gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1954, Dike sì ni olórí rẹ̀. Ní ọdún 1957, òfin fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Lónìí, ilé náà wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn; àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Enugu àti Kàdúná. Ní ti Ìbàdàn ni fáìlì àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣàkóso Èkó, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà.

Nínú ilé bẹ́ẹ̀, inú páálí ni ìwé ń gbé, orí pẹpẹ ni páálí ń wà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ọ̀kan yóò kọ nọ́ńbà náà, òṣìṣẹ́ yóò sì gbé e wá. A kì í jẹun níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni a fi ń kọ nǹkan, kí yíǹkì má baà ta sí ìwé. A kì í gbé ìwé lọ sílé.

Iṣẹ́ yìí kò wà fún àwọn olùkọ́ ìtàn nìkan. Bí ìdílé méjì bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, adájọ́ yóò béèrè ìwé. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì, wọn yóò béèrè ìwé ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti sọnù lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń sọ òtítọ́.

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ tọ́jú ìwé ìbí yín síbi tí kò lọ́rinrin. Bí ẹ bá rí fọ́tò àtijọ́, ẹ bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà pé ta ni ó wà níbẹ̀ àti pé ọdún wo ni. Ẹ rọra fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí yóò wá ìdáhùn náà lọ́jọ́ iwájú lè má tíì dé ayé.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ilé ìkàwé àti ilé ìtọ́jú àkọsílẹ̀?
2. Ìlérí wo ni Kòsọ́kọ́ ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1854?
3. Kí ni ìdí tí a fi ń tọ́jú ìwé tọ̀túntòsì?
4. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ó lè ba ìwé jẹ́.
5. Béèrè ìtàn àdúgbò rẹ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Má ṣe gbàgbé láti kọ ọjọ́ tí ó sọ ọ́ fún ọ.