Ewéko àti Ìṣàn Omi nínú Àbàtà Àtọwọ́dá: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí

Àbàtà àtọwọ́dá ni ilẹ̀ gbígbẹ́ tí kò jìn púpọ̀, tí a gbin koríko etí odò sí, kí omi ìdọ̀tí tí ó bá ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá lè mọ́. Käthe Seidel ṣe àyẹ̀wò irú koríko bẹ́ẹ̀ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1950. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó rọ̀ mọ́ ara koríko ń jẹ ìdọ̀tí náà, iṣẹ́ wọn sì ń fẹ́ àkókò.

Ẹni tí ó bá pe àkókò yìí ní ‘àkókò ìdúró’ ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí omi náà kò dúró. ‘Ìgbà àtìpó’ ni ó sàn jù: àlejò ni omi, ó wọlé, ó sùn, ó sì kọjá lọ. Bí àbàtà kan bá gba 100,000 lítà, tí 20,000 lítà sì ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́, ìgbà àtìpó rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 5. Lórí ìwé ni. Níbi tí koríko kò bá ti pọ̀, omi yóò gba àbùjá, yóò sì jáde tòun ti ìdọ̀tí rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ti inú kọ̀rọ̀ yóò di adágún. Bí a bá da aró sí ojú àbáwọlé, tí a sì ń wọ̀n ọ́n ní ojú àbájáde, àṣírí àbùjá náà yóò tú.

Ọ̀rọ̀ náà ‘ìdàpọ̀’ ni ó léwu jù. Ohun méjì ni koríko ń ṣe fún omi, Heidi Nepf sì yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Bí omi bá yára tó, yóò máa yí po lẹ́yìn pòròpórò kọ̀ọ̀kan. ‘Ààjà omi’ yẹ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ààjà kékeré ni. Lọ́nà kejì, pòròpórò ń ya omi sọ́tùn-ún sósì; ẹ̀kán omi méjì tí ó jọ wọlé yóò gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò sì jìnnà síra. ‘Ìfọ́nká’ ni èyí. Kò sí ohun tí ó ro omi náà bí ẹni ń rokà.

Omi àbàtà a máa lọ́ra. Bí ó bá lọ́ra jù, ààjà omi yóò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ́nká kì í dáwọ́ dúró. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní ‘ìdàpọ̀’ yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé koríko inú omi tí ń rọra ṣàn kò tan ohunkóhun ká.

Bí a bá gbin koríko ní ìlà tí ó dábùú ìṣàn, omi kò ní rí àlàfo sá gbà. Bí ìlà náà bá tẹ̀lé ìṣàn, ẹni tí ó gbìn ín ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ la àbùjá fún omi.