Ẹnu Àgbà àti Ẹ̀rí Ilẹ̀: Àwọn Ará Erékùṣù Melanesia àti Àwọn Ère Ẹ̀sìẹ́



Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ń wí pé ohun tí a kò kọ sínú ìwé kì í ṣe ìtàn, àlọ́ lásán ni. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ń wí pé ohunkóhun tí àgbà bá ti sọ, òtítọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Láti dáhùn, èmi yóò mú yín lọ sí ibi méjì. Ọ̀kan jìnnà réré, ní ìdí òkun Pàsífíìkì. Èkejì ni Ẹ̀sìẹ́, tí ẹlẹ́sẹ̀ lè ti ìhín rìn dé kí oòrùn tó kan àtàrí.

I. Ta ni àwọn ará Melanesia?

Bí a bá wo àwòrán ayé, a ó rí i pé ní àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Australia ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ erékùṣù wà: New Guinea tí ó tóbi jù wọ́n lọ, àwọn erékùṣù Solomon, Vanuatu, New Caledonia àti Fiji. Atukọ̀ ará Faransé kan, Dumont d'Urville, ni ó fún gbogbo wọn ní orúkọ kan ní nǹkan bí ọdún 1832. Ó pè wọ́n ní Melanesia, èyí tí í ṣe "erékùṣù dúdú" ní èdè Gíríìkì, nítorí àwọ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Orúkọ àlejò ni. Kí àlejò tó dé, olúkúlùkù ń jẹ́ orúkọ erékùṣù rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń jẹ́ ará Òrò, ará Òmù-Àrán tàbí ará Ẹ̀sìẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí dúdú wọn, láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti lọ ní ìgbà àìpẹ́. Àwọn baba ńlá wọn ti dé New Guinea ó lé ní 40,000 ọdún sẹ́yìn. Nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn atukọ̀ mìíràn tún dé, tí wọ́n mọ ìkòkò tí a fín lára dáradára, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi la òkun já dé Vanuatu àti Fiji, níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tí ì tẹ̀ rí. Láti inú ìdàpọ̀ àwọn wọ̀nyí ni àwọn ará erékùṣù òde òní ti wá.

Nínú ìgbé ayé wọn, ohun púpọ̀ wà tí kò ní ṣe àjèjì sí yín. Iṣu ni wọ́n ń gbìn, pẹ̀lú kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ọrọ̀ ọlọ́lá. Gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ná owó ẹyọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Malaita ní Solomon ń fi ìkarahun wẹ́wẹ́ tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe owó, wọ́n sì ń fi í san owó ìyàwó títí di òní. Èdè wọn pọ̀ jọjọ. Ní ilẹ̀ Papua New Guinea nìkan, èdè tí ó lé ní 800 ni a ń sọ. Ní Vanuatu, tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300,000 lọ ní ọdún 2020, èdè tí ó lé ní 100 ni ó wà. Wọn kò ní ìwé kíkọ ní ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní Vanuatu àgbà a máa fi ìka kan ya àwòrán sórí yanrìn láì gbé ìka náà sókè títí yóò fi parí, yóò sì máa fi àwòrán náà pa ìtàn.

II. Ìgbà ìpọ́njú

Láti ọdún 1863 títí di 1904, ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí àwọn erékùṣù wọ̀nyí láti kó ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké ní Queensland, ní Australia. Nǹkan bí 62,000 ni iye ìgbà tí a kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àwọn kan fi ìfẹ́ ara wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ni a tàn jẹ, a sì fi agbára mú òmíràn. Kò sí ìdí láti ṣe àlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, nítorí ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1871, a pa Bíṣọ́ọ̀bù Patteson ní erékùṣù Nukapu, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ẹ̀san àwọn ènìyàn tí ọkọ̀ kan ti kó lọ ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin láti ká àwọn akónilọ wọ̀nyí lọ́wọ́ kò.

Àrùn tí àwọn àlejò mú wá tún burú ju ọkọ̀ lọ. Ní àwọn erékùṣù kan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn ni ó kú láàárín ìran méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ rò ó wò: bí àgbà bá kú kí ọmọ tó gbọ́n tó láti bi í léèrè, ta ni yóò sọ ìtàn?

Àwọn kan wà tí wọ́n rí ewu yìí. Robert Codrington, àlùfáà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ erékùṣù ní ilé ẹ̀kọ́ ní Norfolk Island, bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn ọmọ náà nípa àṣà ilé wọn, ó sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1891. Nílé wa níhìn-ín, Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó bi àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà léèrè, ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní London. Ó kú ní ọdún 1901 láì fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921. Díẹ̀ ni ó kù kí gbogbo rẹ̀ ṣègbé.

III. Ibojì Roi Mata

Wàyí o, ẹ gbọ́ ìtàn kan láti Efate, erékùṣù kan ní Vanuatu. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń wí pé ní ayé àtijọ́ ogun kò dáwọ́ dúró. Olóyè ńlá kan tí ń jẹ́ Roi Mata wá pe gbogbo ènìyàn sí àsè, ó ní kí olúkúlùkù mú ohun kan wá. Àwọn tí ó mú àgbọn wá di ìdílé kan, àwọn tí ó mú iṣu wá di òmíràn, àwọn tí ó mú ẹran inú òkun wá di òmíràn, a sì fi òfin de àwọn ará ìdílé kan náà pé wọn kò gbọdọ̀ bá ara wọn jà mọ́, ibikíbi tí wọ́n ìbáà máa gbé. Ìwọ tí o mọ oríkì orílẹ̀ rẹ, tí o mọ̀ pé ọmọ Ọ̀kín ni àwọn ará Ọ̀fà, ìwọ kò ní ṣàì lóye èyí. Ìyàtọ̀ kan ni pé orílẹ̀ wa ti ọ̀dọ̀ baba wá, tiwọn ti ọ̀dọ̀ ìyá wá.

Wọ́n ní arákùnrin Roi Mata ni ó pa á pẹ̀lú oró, pé a gbé e lọ sin sí erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Eretoka, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn bá a wọ ilẹ̀, àwọn mìíràn lóòyẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni erékùṣù náà ti di èèwọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àlejò gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n sì kà á sí àlọ́. Ní ọdún 1967, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, José Garanger, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwa ilẹ̀ láti wá ìtàn, ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò ṣe: ó fetí sí àwọn àgbà, ó sì wa ilẹ̀ níbi tí wọ́n tọ́ka sí. Ó bá òkú ọkùnrin kan ní àárín, àti òkú nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn yí i ká, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun àti ẹ̀gbà eyín ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìsìnkú náà sí nǹkan bí ọdún 1600. Ó ju 350 ọdún lọ tí ẹnu ti gbé ìtàn yìí láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ilẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 2008 ni Àjọ UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí í ṣe ogún gbogbo ayé.

IV. Àwọn ère Ẹ̀sìẹ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ni ó wà. Òkúta tí ó rọ̀, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ni a fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kò ga ju ìbú ọwọ́ lọ, àwọn kan ga ju mítà kan. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí tí ó rí bí olú. Ọkùnrin wà, obìnrin wà. Àwọn kan mú idà, àwọn kan gbé apó ọfà. Ilà wà lójú wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, irun dídì àti fìlà wọn sì ní ọnà tí ó yani lẹ́nu. Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ C.M.S., mú ìròyìn wọn dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1945 a kọ́ ilé fún wọn, ilé náà sì ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Ramshaw ni ó rí wọn. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń bọlá fún wọn, wọ́n sì ti ń ṣe ọdún wọn kí a tó bí i.

Kí ni àgbà wí? Wọ́n ní àwọn àlejò kan ni ó wá sí ìlú, tí ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́ láàárín wọn àti onílé, tí wọ́n fi di òkúta. Wọ́n tún wí pé nígbà tí àwọn baba wọn tẹ ìlú tí ó wà nísinsìnyí dó, wọ́n bá àwọn ère náà níbẹ̀.

Ọmọ ilé ìwé yóò rẹ́rìn-ín pé ènìyàn kì í di òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ìlú wo ni kì í fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà ńlá yangàn pé baba òun ni ó ṣe é? Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò purọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a bá a ni, ti àlejò ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà, lẹ́yìn gbogbo ìwádìí wọn, kò tí ì fi ẹnu kò lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn: àwọn kan ń nawọ́ sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Ọ̀yọ́, àwọn kan sí Nupe. Nítorí náà, epo ìtàn náà lè jẹ́ àlọ́, ṣùgbọ́n kóró òtítọ́ wà nínú rẹ̀.

V. Ohun tí ó yà wọ́n

Èéṣe tí ilẹ̀ fi dáhùn ní Eretoka, tí kò sì tí ì dáhùn ní Ẹ̀sìẹ́? Mo rí ìdí méjì. Èkínní, àwọn ará Efate kò fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, oyè ń ti ìran kan bọ́ sí èkejì, ó sì ń gbé ìtàn rìn. Ilẹ̀ Ìgbómìnà kò ní irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀. Ogun Ìlọrin àti ti Nupe fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìtàn sì já níbi tí ènìyàn ti sá. Èkejì, èèwọ̀ pa ibojì náà mọ́, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ ti kúrò ní àyè wọn, ọ̀pọ̀ ni orí rẹ̀ sì ti gé. Ohun tí a bá gbé kúrò ní ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí dà bí ẹlẹ́rìí tí a gé ní ahọ́n.

Èyí kò tí ì parí. Ní ọdún 2000, Ìgbìmọ̀ àwọn mùsíọ́ọ̀mù àgbáyé kọ àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ mọ́ àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí ewu olè wà lórí wọn jù. Ẹni tí ó bá ta orí ère kan, ọ̀rọ̀ tí a kò tí ì gbọ́ ni ó tà.

VI. Iṣẹ́ tí ó kù

Láti ìparí àwọn ọdún 1970, ilé àṣà Vanuatu ti yan ọkùnrin, lẹ́yìn náà obìnrin pẹ̀lú, ní erékùṣù gbogbo, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja lásán, láti máa gba ìtàn sílẹ̀ ní ìlú tiwọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń péjọ láti jíṣẹ́. A kò nílò ju èyí lọ. Bí ìwọ ọ̀dọ́ bá lọ bá bàbá àgbà rẹ, kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ìdílé rẹ̀, ọjọ́ tí ó sọ ọ́ àti ẹni tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ìtàn ìdílé méjì bá takora, kọ méjèèjì sílẹ̀. Má ṣe dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ó dàbí àlọ́, má ṣe yọ ọ́ kúrò, nítorí ìwọ kò mọ ibi tí kóró wà. Bí o bá sì rí àpáàdì tàbí òkúta gbígbẹ́ nínú oko, fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí o sọ fún àwọn tí í ṣe tiwọn láti tọ́jú rẹ̀.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa nìyí: ẹni tí ó ní àlọ́ lásán ni kò jàre, ẹni tí ó ní òtítọ́ pátápátá ni kò jàre. Ẹlẹ́rìí ni àgbà. A kì í lé ẹlẹ́rìí jáde kí ó tó sọ̀rọ̀, a kì í sì í dá ẹjọ́ láì wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó ti kú, ta ni yóò wádìí rẹ̀? Àwọn àgbà Òrò ṣì jókòó láàárín wa lónìí. Kí a tó sùn lálẹ́ yìí, kí olúkúlùkù bi ẹnì kan nínú wọn ní ìbéèrè kan.