Ibo ni ìrìn àjò ẹ̀kọ́ ti lè ráyè nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà?

Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn lè lọ lo sáà kan ní Jámánì, kó padà wálé, kó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ṣòro díẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ ẹnjiníà. Kóòsì tiwọn tò léra bí ìkòkò: ẹni tí kò bá yege nínú ìṣirò ọdún kìíní, kò lè kọ́ nípa ìrìn àti agbára, ẹni tí kò bá sì kọ́ ìyẹn, wọn ò ní gbà á síbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń kọ́ irú kóòsì bẹ́ẹ̀. Bí sáà rẹ̀ bá bá ọmọ náà lókè òkun, ó di ẹ̀ẹ̀míì, gbogbo èyí tó gbé lé e lórí á sì dúró dè é.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Rhode Island, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1987, John Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Jámánì, àti Hermann Viets, ọ̀gá ẹ̀ka ẹnjiníà, dá ètò kan sílẹ̀. Wọn ò fún ìrìn àjò mọ́ àárín ọdún mẹ́rin. Ọdún márùn-ún ni wọ́n sọ ọ́ dà, pẹ̀lú oyè méjì, ọ̀kan nínú ẹnjiníà, ọ̀kan nínú èdè. Ọdún kẹrin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òkè òkun: sáà kan ní yunifásítì, bíi ti Braunschweig ní Jámánì, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà níléeṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe tò ó yẹn ní ọgbọ́n nínú. Oṣù kẹwàá ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, ó sì ń lọ títí di oṣù kejì. Ẹni tó bá dé ní oṣù kìíní, ìdánwò ló ń kàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ìgbà ìwọ́wé lọ á kẹ́kọ̀ọ́ náà tán, á wá gba ibẹ̀ bọ́ síléeṣẹ́.

Èdè ńkọ́? Ẹ fojú inú wo ọmọ ogún ọdún tó dúró ti ẹ̀rọ, tó mú sípánà dání. Àgbà òṣìṣẹ́ ní kó dẹ nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, kó má tú u kúrò. Bí ọmọ náà ò bá gbọ́ ìyàtọ̀ “dẹ” àti “tú”, ọ́ìlì gbígbóná á tú sí i lọ́wọ́. Irú èdè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ nínú ọkọ̀ òfúrufú.

Ọdún 1987 yẹn kan náà ni ètò Erasmus, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè míì, bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 láti orílẹ̀-èdè 11. Lónìí, kírẹ́díìtì 60 ni odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà pàdánù èyí tó ṣe níbòmíì. Ṣùgbọ́n iye kírẹ́díìtì nìkan ò tó. Kóòsì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí ohun tó wà nínú wọn má jọra. Nítorí náà ni ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ ṣe wà, tí akẹ́kọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti èyí tó ń gbà á lálejò jọ ń fọwọ́ sí. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó ń múra àtilọ: ẹ jẹ́ kí ìbuwọ́lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sórí ìwé yẹn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.