Ọba Tí A Kò Yan

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí èmi àti Bọ̀dá mi fi dé Pineland, abúlé kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn Florida, létí omi tí wọ́n ń pè ní Pine Island Sound. Oṣù kẹfà ni, àsìkò tí ẹja tápọ́ọ̀nù ńláńlá máa ń rọ́ wá sí agbègbè yìí. Ilẹ̀ ṣì ṣókùnkùn, ẹ̀fọn sì ń fi wá jẹun. Lẹ́yìn wa, òkìtì ìkarahun dúró gàgàrà bí òkè. Àwọn ará Calusa ló kó o jọ, àwọn onílẹ̀ tó ní ọba àti ìjòyè níbí kí òyìnbó tó dé. Wọn kì í ṣe àgbẹ̀. Ẹja ló gbé ìjọba wọn ró.

"Ará Ẹ̀pẹ́ pọ́nńbélé ni wọ́n," ni Bọ̀dá mi wí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ẹja yíyan ni ìyá wa ń tà ní ọjà Olúwo, òun ló sì fi rán wa níwèé. Àwọ̀n àti ìwọ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èèyàn lè jí lóru, kó wa ọkọ̀ lọ pa ẹja tí kò ní í jẹ.

Káyáàkì wa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ike ni wọ́n fi ṣe é, ẹnì kan ló ń gbà, ẹsẹ̀ lèèyàn sì fi ń wa irú tiwa bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè fún ọ̀pá ìwọ̀. Àjẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀. Bọ̀dá fa ẹ̀wù ìléfòó ara mi wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n so fèrè mọ́ mi láyà, wọ́n sì tan iná funfun sórí òpó kékeré tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi.

"Àbúrò, má bẹ̀rù ẹja. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ ni kí o bẹ̀rù."

Oòrùn ń yọ nígbà tí a kọjú sí erékùṣù Cayo Costa. Igi ẹ̀gbà tò lọ bẹẹrẹ létí omi, gbòǹgbò wọn yọ síta bí ẹsẹ̀ akàn. Bọ̀dá nawọ́ sí ibẹ̀. Ní ìdí irú igi bẹ́ẹ̀, nínú ẹrẹ̀ tó ń rùn, ni ọmọ tápọ́ọ̀nù ti ń dàgbà. Inú òkun gbangba ni ìyá wọn ń yé ẹyin sí. Ọmọ tó bá jáde látinú ẹyin máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, omi ni yóò sì gbé e títí dé etí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn kò tó ẹja púpọ̀ láti fi mí, nítorí náà àwọn ẹja ńlá tí ì bá gbé wọn mì kì í lè lépa wọn débẹ̀.

Mo fẹ́ béèrè bí àwọn fúnra wọn ṣe ń mí, ṣùgbọ́n omi dá mi lóhùn kí n tó yanu. Ẹ̀yìn kan tó ń dán bí fàdákà yọ níwájú, ó ká kọrọdọ, ó sì rì padà wọ́ọ́rọ́. Òmíràn yọ, òmíràn tún yọ. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá gbé mì. Àpò afẹ́fẹ́ inú tápọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ yè níbi tí ẹja mìíràn yóò ti kú.

Ọba Fàdákà ni àwọn apẹja Amẹ́ríkà ń pè é. Abo rẹ̀ lè lò ju àádọ́ta ọdún lọ láyé. Apá gúúsù omi yìí, nítòsí Sanibel, ni W. H. Wood ti fi ọ̀pá ìwọ̀ mú ọ̀kan ní ọdún 1885, tí òkìkí rẹ̀ kàn tí àwọn olówó fi ń wọ́ wá sí Florida nítorí ẹja kan ṣoṣo.

A kò wa ọkọ̀ lọ bá wọn. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ gun orí agbo tápọ́ọ̀nù ti lé wọn lọ nìyẹn. A yípo, a gba iwájú wọn, a dá ẹsẹ̀ dúró, a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa tì wá. Níbí ni káyáàkì ti ju ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ: kò ní ariwo. Mo fi akàn tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ kọ́ ìwọ̀, mo jù ú síwájú agbo náà, mo sì dúró.

Okùn náà kọ́kọ́ rìn díẹ̀ bí ẹni pé ìṣàn omi ló ń gbé e. Lẹ́yìn náà ó le.

"Má fa ọ̀pá! Máa ká okùn!"

Ẹnu ìwọ̀ náà ká sínú. Bí èèyàn bá kàn ń ká okùn, fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ igun ẹnu ẹja. Mo ká a. Omi ya, ẹja tó gùn tó èmi fúnra mi sì dìde dúró lójú ọ̀run, ó ń gbọn orí, ìpẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà.

"Dọ̀bálẹ̀ fún ọba!" ni Bọ̀dá ké.

Kí n tó rò ó, ara mi ti tẹ̀ síwájú, mo ti na ọ̀pá sí i, okùn sì ti dẹ̀. Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn. Egungun ni inú ẹnu tápọ́ọ̀nù. Bí ó bá fò tí okùn ṣì le, ìwọ̀ lè yọ tàbí kí okùn já. Àwọn apẹja òyìnbó náà máa ń sọ ọ́ pé kí èèyàn tẹríba fún ọba. Wọ́n ní láti kọ́ ọ ni. Ilé ni wọ́n ti kọ́ èmi.

Ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó gbé mi. Káyáàkì yí imú, ó tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà lókùn. Bọ̀dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń pariwo pé kí n jẹ́ kí ọ̀pá máa kọjú sí imú ọkọ̀, nítorí bí ẹja bá fà mí láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á dojú dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, á yọ orí, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Bí o bá rí òjìji àkurákùdà, gé okùn náà kíá. Ẹja tó ti rẹ̀ kò lè sá fún un."

Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí ó tó sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ojú rẹ̀ tóbi, ó dúdú, kò bẹ̀bẹ̀. A kò gbé e jáde nínú omi. Òfin Florida kò fàyè gba gbígbé èyí tó bá gùn ju ínǹṣì 40 lọ. Bọ̀dá fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀, wọ́n di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, èmi sì rọra ń wa ọkọ̀ tiwọn síwájú pẹ̀lú okùn tí a fi so ó mọ́ tèmi, kí omi lè máa gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó gbọn ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi wá sílẹ̀. Ìkùukùu ti ń ṣú lókè ilẹ̀, àrá ń kùn. A yíjú sílé.

Létí omi, a pe ìyá wa, a sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Bọ̀dá ṣàlàyé pé irú ẹja yìí wà ní etíkun tiwa náà, láti Senegal títí dé Angola, àti pé Guinea-Bissau ni wọ́n ti mú èyí tó wúwo jù lọ nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé ní 2003, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 130.

"Ẹja náà dà?" ni Màámi bi wá.

"A ti dá a padà, Màámi. Láti 2013 ni ìjọba ibí ti ní kí a máa mú un ká sì máa dá a sílẹ̀. Ọba ni wọ́n ń pè é."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn wọn.

"Ọba lẹ mú," ni wọ́n wí, "ẹ ò wá yan án?"